Ṣé O Mọ̀? Iná Kọ́ Ló Kọ́kọ́ Ń Pa Ìwé

Ṣé o mọ̀ pé inú ilé ìkàwé ni wọ́n ti kọ ìwé ìtàn àròsọ tó lókìkí jù lọ nípa ìwé sísun? Ray Bradbury, ará Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́, Fahrenheit 451 sì ni àkọlé rẹ̀. Ọmọ wẹ́wẹ́ wà nílé Bradbury nígbà náà, wọn kì í jẹ́ kó ráyè kọ̀wé, kò sì lówó tó lè fi háyà ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ kan tó ń rìn nínú ọgbà yunifásítì UCLA ní Los Angeles, ó gbọ́ ìró taipuráítà láti abẹ́ ilé ìkàwé Powell. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó. Yàrá kan ló bá níbẹ̀ tí wọ́n to taipuráítà sí fún ẹni tó bá fẹ́ yá a lò, sẹ́ǹtì 10 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. O ó ju owó ẹyọ sínú rẹ̀, o ó sì máa tẹ̀ ẹ́ kíákíá kí àkókò rẹ tó tán. Nígbà tó fi máa parí ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìtàn náà, dọ́là 9 àti sẹ́ǹtì 80 ló ti jáde lápò rẹ̀. Bí o bá ṣírò rẹ̀, wákàtí 49 nìyẹn.

Bí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ̀, á gun òkè lọ sáàárín àwọn pẹpẹ, á fa ìwé kan yọ, á ṣí i síbi tó bá ṣí sí, á kà á díẹ̀, á sì mú gbólóhùn kan sáré padà sísàlẹ̀ lọ fi sínú ìtàn rẹ̀. Ọkùnrin yìí kò lọ yunifásítì o. Nígbà tó jáde iléèwé girama ní 1938, kò sówó. Ilé ìkàwé ìjọba ló sọ di yunifásítì tirẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún bí ọdún mẹ́wàá. Mo gbà pé ìdí nìyẹn tí ìwé náà fi gbóná tó bẹ́ẹ̀: ẹni tí ìwé tọ́ dàgbà ló kọ ọ́.

Orúkọ tí ìtàn náà kọ́kọ́ jẹ́ ni The Fireman, nígbà tó jáde nínú ìwé ìròyìn Galaxy ní oṣù Kejì ọdún 1951. Bradbury fẹ̀ ẹ́ lójú sí i, ó di odindi ìwé ní 1953. Kó tó fún un lórúkọ tuntun, ó fóònù àwọn panápaná láti béèrè ìwọ̀n ooru tí bébà fi ń gbiná. 451 ni wọ́n sọ fún un, lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit. Lórí òṣùwọ̀n Celsius tí àwa ń lò, bíi 233 ni.

Nínú ayé inú ìwé náà, ilé kì í jó mọ́, torí wọ́n ti ń kọ́ ọ lọ́nà tí iná kò lè ràn án. Iṣẹ́ wo ló wá kù fún panápaná? Kẹrosíìnì ni wọ́n ń gbé kiri. Bí aládùúgbò bá ti ta wọ́n lólobó pé ìwé wà nílé lágbájá, wọ́n á ya bo ibẹ̀ lóru, wọ́n á da kẹrosíìnì sí ìwé lórí, wọ́n á ṣáná sí i. Guy Montag wà lára wọn, iṣẹ́ náà sì ń dùn mọ́ ọn. Àfi lọ́jọ́ tí obìnrin àgbàlagbà kan kọ̀ tí kò jáde nínú ilé rẹ̀. Ó dúró sáàárín àwọn ìwé rẹ̀ tí wọ́n ti da kẹrosíìnì sí, ó mú ìṣáná kan ṣoṣo, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣá a. Montag délé, oorun kò kùn ún. Kí ló wà nínú ìwé tí ọmọ èèyàn fi lè gbà láti bá a jóná?

(Nígbà tí François Truffaut, ará Faransé, sọ ìtàn yìí di fíìmù ní 1966, kò jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òṣèré kankan sójú fíìmù níbẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ló ń pe orúkọ wọn ketekete, torí nílùú tí wọn kò ti gbọ́dọ̀ kàwé, ta ni yóò kọ nǹkan síta fún ta ni?)

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìwé yìí láìkà á rò pé ìjọba burúkú kan ló kàn dìde lọ́jọ́ kan tó ní kí wọ́n sun gbogbo ìwé. Ṣé o mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni Bradbury ṣe sọ ọ́? Captain Beatty, ọ̀gá Montag, jókòó ti ibùsùn rẹ̀, ó sì là á yé e. Ó ní àwọn aráàlú fúnra wọn ló kọ́kọ́ pa ìwé tì. Ohun gbogbo ń yára sí i, sùúrù kò sí mọ́. Wọ́n gé ìwé ńlá kúrú kó lè bá ètò rédíò mu, wọ́n tún un gé, ó di ìlà díẹ̀, ó sì tẹ́ wọn lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí gbólóhùn kan bá bí nínú ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹnu rẹ̀, ìwé di ohun tí kò ládùn, àwọn èèyàn yẹra fún un. Ìgbà tí kò kù ju ìwọ̀nba àwọn tó ṣì ń kàwé ni wọ́n tó rán panápaná sí wọn. Iná ló dé kẹ́yìn.

Ibẹ̀ yẹn ni mo máa ń fẹ́ kí gbogbo òbí àti olùkọ́ kà lẹ́ẹ̀mejì.

Wo ìyàwó Montag, Mildred. Tẹlifíṣọ̀n gba ògiri mẹ́ta nínú pálọ̀ rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó sì ń yọ ọkọ lẹ́nu pé kó ra ti ògiri kẹrin, bẹ́ẹ̀ iye tí wọ́n ń tà á á kó ìdá kan nínú mẹ́ta owó iṣẹ́ Montag fún odindi ọdún. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lára ògiri ló ń pè ní ẹbí rẹ̀. Bó bá lọ sùn, rédíò kékeré á wà nínú etí rẹ̀ méjèèjì, orin àti ọ̀rọ̀ á máa wọlé títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọdún 1953 ni o, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n jẹ́ àpótí kékeré aláwọ̀ dúdú àti funfun, tí fóònù tá a lè gbé sápò kò tíì sí. Mildred kò kórìíra ìwé rárá. Kò ráyè rẹ̀ ni. Síbẹ̀ òun ló fẹjọ́ ọkọ rẹ̀ sùn nígbà tó yá.

Ṣé o mọ̀ pé ìwé tó ń jà fún ìwé yìí gan-an, wọ́n gé e? Ní 1967, iléeṣẹ́ Ballantine tó ń tẹ̀ ẹ́ ṣe ẹ̀dà kan fún àwọn ọmọ iléèwé girama. Olóòtú wọn fi gègé há ibi márùndínlọ́gọ́rin nínú rẹ̀. Wọ́n yọ èébú àti ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́. Ọ̀mùtí kan wà nínú ìtàn náà, wọ́n sọ ọ́ di aláìsàn. Níbì kan, wọ́n ń yọ ìdọ̀tí nínú ìdodo. Wọ́n yí i padà, ó di etí ni wọ́n ń nù. Ìdodo! Kí ni ìdodo ṣe fún ọmọ iléèwé?

Wọn kò sọ fún Bradbury. Ẹ̀dà méjèèjì wà lọ́jà fún ìgbà díẹ̀, títí di 1973 tí ẹ̀dà gígé náà fi di ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n ń tà. Fún ọdún mẹ́fà, bóo jẹ́ ọmọdé, bóo jẹ́ àgbà, bí o bá wọ ṣọ́ọ̀bù ìwé ní Amẹ́ríkà láti ra Fahrenheit 451 tiwọn, èyí tí wọ́n gé ni o máa gbé lọ sílé láìmọ̀. Ìgbà tó di 1979 ni òǹkọ̀wé tó gbọ́. Inú bí i gidi. Ó ní kí wọ́n dá gbogbo ọ̀rọ̀ òun padà síbi tó wà, wọ́n sì dá a padà. Ó tún kọ ọ̀rọ̀ gbígbóná kan kún ẹ̀yìn ìwé náà lórí àwọn tí gígé ìwé ti mọ́ lára. Kò sẹ́ni tó nílò láti ṣáná sí ìwé náà ní gbogbo ìgbà yẹn. Gègé nìkan ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì rò pé oore ni àwọn ń ṣe fún ọmọdé.

Iléeṣẹ́ kan náà ló ti kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà 200 ní 1953, tí wọ́n fi ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ṣe èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, irú èyí tí àwọn èèyàn fi ń kan òrùlé àti àjà ilé láyé ìgbà kan, kí iná má bàa ràn án. Bradbury fọwọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 2022, Margaret Atwood, ọmọ Kánádà, náà jẹ́ kí wọ́n ṣe ẹ̀dà kan ṣoṣo The Handmaid's Tale tí kò lè jó. Ìyá àgbà tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún gbé ẹ̀rọ tó ń tu iná, ó fín iná sí ìwé ara rẹ̀, ìwé náà kò ṣe nǹkan kan. Dọ́là 130,000 ni wọ́n tà á ní gbàǹjo Sotheby's, wọ́n sì fún ẹgbẹ́ PEN America lówó náà láti fi jà fún òmìnira àwọn òǹkọ̀wé.

Ìwé Atwood yẹn, tó jáde ní 1985, ní ohun kan tó dùn mí ju iná lọ. Nílùú Gilead inú ìtàn náà, obìnrin kò gbọ́dọ̀ kàwé. Wọn ò fẹ́ kó rí lẹ́tà kankan rárá, wọ́n pa orúkọ rẹ́ lára pátákó àwọn ṣọ́ọ̀bù, àwòrán ni wọ́n yà sí i: ẹyin mẹ́ta, oyin kan àti màlúù kan, kí àwọn obìnrin lè mọ ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ. Ẹni tí wọ́n bá mú lẹ́ẹ̀kẹta pé ó ń kàwé, wọ́n á gé e lọ́wọ́. Atwood sọ pé kò sí ohun tí òun fi síbẹ̀ tí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí níbì kan láyé, òótọ́ sì ni: ní 1830, ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà ṣòfin pé ẹni tó bá kọ́ ẹrú ní ìwé kíkà tàbí kíkọ jẹ̀bi.

Aldous Huxley kò tilẹ̀ nílò òfin nínú Brave New World rẹ̀ ti 1932. Wọ́n á to ìwé aláràbarà sílẹ̀ fún àwọn ìkókó olóṣù mẹ́jọ. Bí wọ́n bá ti rá dé ibẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ kàn án, agogo á hàn gooro, iná mànàmáná á gbọ̀n wọ́n. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn láìmọye ìgbà, ọmọ náà á bẹ̀rù ìwé títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Lọ́dún tí ìwé náà jáde ni ìjọba Ireland fòfin dè é, Australia náà fòfin dè é.

Ní ti Yevgeny Zamyatin, ará Rọ́ṣíà, ìwé rẹ̀ We ni bàbá fún ọ̀pọ̀ irú ìtàn báyìí. Ó parí rẹ̀ ní 1921, ìjọba kò jẹ́ kó jáde. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi tẹ̀ ẹ́, ní New York, ní 1924. Àwọn aráàlú rẹ̀ tó ń gbọ́ èdè tó fi kọ ọ́ dúró di 1988 kí wọ́n tó rí i rà lórílẹ̀-èdè tiwọn, òǹkọ̀wé náà sì ti kú sí Paris láti 1937. Ìjọba ọba tì í mọ́lé nígbà èwe rẹ̀. Àwọn tó lé ọba lọ tún tì í mọ́lé ní 1922, nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n kan náà, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà.

George Orwell ka We, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ní 1946. Lẹ́yìn náà ló lọ sí erékùṣù Jura ní Scotland láti kọ Nineteen Eighty-Four. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bá a jà. Kò rí ẹni bá a tẹ̀ ẹ́, ló bá jókòó sórí ibùsùn, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lórí taipuráítà. Ìwé náà jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 1949. Nígbà tó fi di oṣù Kìíní ọdún 1950, Orwell ti kú, ẹni ọdún 46.

Akọ̀wé ìjọba ni Winston Smith inú ìtàn náà. Bí ìjọba bá ti ṣèlérí ohun kan tí kò mú un ṣẹ, Winston ni yóò wá ìwé ìròyìn ọjọ́ yẹn jáde, tí yóò tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ kó lè dà bíi pé ìjọba kò ṣèlérí bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n á tẹ ìwé ìròyìn náà lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n á kó o padà sínú fáìlì. Èyí tó jẹ́ ojúlówó, ihò kan wà lára ògiri tí wọ́n ń jù ú sí, afẹ́fẹ́ gbígbóná á sì gbé e lọ sínú iná ìléru nísàlẹ̀ ilé. Ìwé kò parun níbẹ̀ o, ó pọ̀ rẹpẹtẹ. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń hun ìtàn àròsọ fún tálákà. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ aráàlú ni ẹ̀rí pé àná rí báyìí.

Ṣé o wá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2009? Àwọn èèyàn kan ní Amẹ́ríkà ti sanwó ra Nineteen Eighty-Four àti Animal Farm sórí ẹ̀rọ ìkàwé Kindle wọn. Wọ́n tan ẹ̀rọ lọ́jọ́ kan, ìwé ti lọ. Iléeṣẹ́ Amazon ló jókòó síbi tó wà, tó nawọ́ wọ inú ẹ̀rọ oníbàárà, tó kó ìwé náà kúrò, tó sì dá owó wọn padà, torí ẹni tó kó ìwé náà síta kò ní àṣẹ láti tà á. Ìwé Orwell, nínú gbogbo ìwé tó wà láyé! Ọmọ iléèwé kan ti ń kọ èrò rẹ̀ sára tirẹ̀ fún iṣẹ́ àmúrelé. Iṣẹ́ ọ̀hún dòfo, ó gbé Amazon lọ sílé ẹjọ́. Jeff Bezos tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ tọrọ àforíjì ní gbangba. Àmọ́ ẹni tó bá ra ìwé bébà, kò sẹ́ni tó lè wọlé rẹ̀ lóru wá kó o láìkanlẹ̀kùn.

Bóyá o ti rí 404 rí lórí fóònù rẹ, tó ń sọ fún ọ pé ojú ìwé tí ò ń wá kò sí. 451 náà wà. Tim Bray ló dábàá rẹ̀, àwọn tó ń ṣètò íntánẹ́ẹ̀tì sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá ọdún 2015: bí o bá rí i, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òfin ló dí ọ lọ́wọ́. Ìwé Bradbury ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Bradbury ti kú ní 2012, kò rí i.

Ìyanu kan ṣẹlẹ̀ ní Kenya tí òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ kankan ì bá má gbójúgbóyà hùmọ̀. Ngũgĩ wa Thiong'o kọ ìwé Matigari ní èdè Gĩkũyũ, ó jáde ní 1986. Nínú rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Matigari ń lọ káàkiri ìlú, ó ń béèrè ibi tí òtítọ́ àti ìdájọ́ òdodo wà. Àwọn àgbẹ̀ kà á, wọ́n ń sọ ọ́ láàárín ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ìjọba pé Matigari kan ń rìn kiri tó ń béèrè ìbéèrè. Wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n mú un. Nígbà tí ọlọ́pàá wá rí i pé inú ìwé ló ń gbé, wọ́n padà lọ kó ìwé náà kúrò nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní 1987. Kí ẹni tó bá ń sọ pé ìtàn àròsọ kò ju eré ọwọ́ dilẹ̀ lọ ro èyí wò.

Kí ló wá kù bí wọ́n bá kó ìwé tán? Ní ìparí Fahrenheit 451, Montag sá la odò kọjá, ó bá àwọn arìnrìn-àjò kan tí wọ́n ń yáná lẹ́bàá ojú irin ọkọ̀ reluwé. Kò tíì rí iná tí wọn kò fi ba nǹkan jẹ́ rí. Olùkọ́ àti ọ̀mọ̀wé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìwé kan sì wà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Apá kan Ìwé Oníwàásù inú Bíbélì ni Montag gbé wá.

Kì í ṣe àlá lásán. Ní Rọ́ṣíà ayé Stalin, Anna Akhmatova ń kọ ewì kan tó ń jẹ́ Requiem fún àwọn ìyá tí wọ́n kó ọmọ wọn sẹ́wọ̀n. Ọmọ tirẹ̀ wà lára wọn. Ó ń bẹ̀rù pé wọ́n ń gbọ́ ohun tóun ń sọ nínú ilé. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Lydia Chukovskaya bá dé, á sọ̀rọ̀ lásán sókè nípa ojú ọjọ́ tàbí tíì, á sì kọ ewì náà sórí ègé bébà kan, á nà án sí i. Lydia á kà á títí á fi wọ orí, á dá a padà, Akhmatova á sì sun ún nínú àwo eérú sìgá. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, orí àwọn ọ̀rẹ́ mélòó kan ni ewì náà ń gbé. Ní 1963 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ní Munich.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Odù Ifá 256, pẹ̀lú ẹsẹ tí kò lóǹkà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, orí ni àwọn babaláwo kó o sí, òun ni wọ́n sì gbé gba inú ọkọ̀ ẹrú dé Kúbà. Wọ́n gba aṣọ lára wọn, wọ́n yí orúkọ wọn padà, wọ́n tà wọ́n. Ifá ṣì ń fọhùn ní Havana dòní.

Wole Soyinka náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n tì í mọ́lé láti 1967 di 1969, òun nìkan nínú yàrá fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àkókò yẹn. Àárín ìlà àwọn ìwé tí wọ́n yọ́ mú wọlé fún un ló ń kọ̀wé sí, àti sórí bébà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. The Man Died, ìwé tó ti ibẹ̀ jáde, bọ́ sọ́jà ní 1972. Ìwọ wo ọdún tí ilé ẹjọ́ ní Nàìjíríà fòfin dè é: 1984.

Bí wọ́n bá ní kí ìwọ náà yan ìwé kan tí o máa gbé sórí, èwo ni? Mo ti yan tèmi: Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fagunwa kọ ní 1938. Jọ̀wọ́, yan tìrẹ, kí o bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní lálẹ́ òní, kí o sì kà á sókè kí àwọn ọmọ ilé gbọ́.